Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Bábíkíù Nílé: Ìdáhùn Sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tí ó wọlé sí ojú ìwé yìí lórí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bábíkíù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ya gbogbo àyè wa sọ́tọ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Oúnjẹ tí à ń wí ni èjìká ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iná kékeré sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí tí fọ́ọ̀kì lásán yóò fi máa fà á ya, tí a wá fi ọbẹ̀ tó kan, tó sì dùn díẹ̀, pò ó, tí a sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú kábéèjì gígé, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní oven kan tí iná rẹ̀ ṣeé gbára lé, tí ó sì ní ọjọ́ kan tí kò ní jáde, lè sè é nílé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra èjìká ẹlẹ́dẹ̀ kílò méjì àbọ̀ fún oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ ìsinmi, mo sì sun ún nínú oven lórí 180°C fún wákàtí méjì àbọ̀. Nígbà tí mo gé e, inú rẹ̀ ti jinná, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó le bí okùn, eyín àwọn àgbà ilé wa kò sì ká a. Ṣé ẹni tó tà á fún mi ló tàn mí jẹ ni, àbí èmi ni mo sè é jù? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, màmá, ẹ sì kú wàhálà. Ẹni tó ta ẹran fún yín kò tàn yín jẹ, ẹ kò sì sè é jù. Ẹran náà kò tíì pẹ́ tó lórí iná ni. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nípa rẹ̀ ni pé wọn kò mọ̀ pé jíjinná ọ̀tọ̀, rírọ̀ ọ̀tọ̀. Odidi ègé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti ṣeé jẹ láìséwu nígbà tí àárín rẹ̀ bá ti gbóná dé 63°C, tí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 kí a tó gé e. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ará ìlú nìyẹn láti ọdún 2011. Ṣùgbọ́n èjìká tí a bá gbé kúrò lórí iná ní 63°C, tàbí ní 75°C pàápàá, kò ní ṣeé jẹ dáadáa, nítorí pé apá tí ẹranko náà fi ń rìn ni, tí ó sì fi ń gbé orí àti àyà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Iṣan funfun tó le, èyí tí ó so ẹran mọ́ra wọn tí ó sì so wọ́n mọ́ egungun, pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an.

Èròjà tí ó pọ̀ jù nínú iṣan náà ni kọ́lájìnì. Láti nǹkan bí 70°C lọ sókè ni kọ́lájìnì ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń di jẹ́látìnì, ìyẹn ohun kan náà tí ó ń mú kí omi ẹran dì nígbà tí a bá gbé e sínú fìríìjì mọ́jú. Yíyọ́ náà kì í yá rárá. Wákàtí ni ó ń gbà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ibi tí ẹ ti dá ẹran yín dúró ni ibi tí ó burú jù lójú ọ̀nà: omi ara rẹ̀ ti jáde lọ, kọ́lájìnì kò sì tíì yọ́ láti wá rọ́pò omi náà. Ká ní ẹ fi iná kékeré sè é títí àárín rẹ̀ fi wọ 90°C sí 96°C, ẹran yẹn kan náà ni ìbá máa dùn mọ́ gbogbo yín lẹ́nu.

Bí ẹ bá tún ra òmíràn, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń fi bébà nù ún títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, n kì í fi omi fọ̀ ọ́, nítorí pé omi tó ń ta sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọwọ́ lè gbé kòkòrò àrùn ara ẹran tútù lọ sí orí abọ́ àti ẹ̀fọ́. Gíráàmù 12 iyọ̀ ni mo máa ń wọ̀n fún kílò ẹran kan; fún èjìká yín, iyẹn jẹ́ gíráàmù 30, tí í ṣe nǹkan bí ṣíbí tíì márùn-ún tí a fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ dọ́gba. Mo máa ń da ṣíbí ìjẹun méjì ṣúgà tó pọ́n, ṣíbí ìjẹun méjì paprika (ata pupa gbígbẹ lílọ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta), àti ṣíbí tíì méjì-méjì ata ìyere lílọ̀, aáyù gbígbẹ àti àlùbọ́sà gbígbẹ mọ́ ọn, màá wá fi ra gbogbo ara ẹran náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ yóò ti wọ inú rẹ̀. Èyí tó kù kò le: ẹ gbé e sórí wáyà tó wà nínú páànù, kí ọ̀rá rẹ̀ kọjú sókè, kí oven wà lórí 120°C, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Kílò méjì àbọ̀ yóò gbà tó wákàtí méje sí mẹ́sàn-án. Ẹ má tíì fi ọbẹ̀ dídùn kankan kàn án. Ìgbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọbẹ̀ kan ara ẹran, kí ṣúgà inú rẹ̀ má baà jó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ra òṣùwọ̀n ooru tí a ń gún bọ inú ẹran. Ó ṣe iṣẹ́ ju aago lọ, nítorí èjìká méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lè fi wákàtí kan tàbí méjì jura lọ. Lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n bá ti sọ tirẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ yín wádìí. Ẹ di egungun pẹlẹbẹ tó yọrí jáde létí ẹran mú, kí ẹ fi aṣọ bo ọwọ́, kí ẹ sì rọra yí i. Bí ó bá ṣì ń di ẹran mú, ó kù. Bí ó bá ti yọ́ jáde, tí ó mọ́ tónítóní, tí ẹran kankan kò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹran yín ti dé. N kò tíì rí ẹni tó yọ egungun yẹn lẹ́ẹ̀kan rí tí inú rẹ̀ kò dùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún màmá: èjìká ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ alápatà, kí ẹ má gba ẹran ẹ̀yìn. Ẹran ẹ̀yìn lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan, iṣan rẹ̀ kò sì pọ̀; bí ẹ bá sè é fún wákàtí mẹ́jọ, yóò gbẹ bí igi.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ooru inú ẹran mi gun òkè dáadáa títí ó fi dé 68°C, ó wá dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Mo rò pé oven ti bàjẹ́, mo sì gbé iná rẹ̀ sókè sí 220°C. Ìta ẹran náà jó dúdú kí inú rẹ̀ tó rọ̀. (Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ oúnjẹ sísè)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, oven rẹ kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó ti se èjìká rí ló mọ ìdádúró yẹn, láàárín 65°C sí 75°C ni ó sì sábà máa ń wáyé. Ohun tó fà á ni òógùn. Bí ara wa ṣe ń làágùn tí afẹ́fẹ́ sì ń tù wá lára bí òógùn náà ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi tó ń jáde láti inú ẹran ń gbẹ lójú rẹ̀, tí ó sì ń kó ooru lọ. Nígbà tó bá yá, ooru tí gbígbẹ omi ń kó lọ á bá ooru tí oven ń gbé wá dọ́gba, òṣùwọ̀n á sì dúró sójú kan. Ìgbà tí omi ojú ẹran bá dín kù ni ooru á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ọ̀nà méjì ló wà. O lè ní sùúrù, kí o má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyẹn ló ń fún ẹran ní èèpo dúdú tó dùn jù. Bí àlejò bá ti ń bọ̀ lọ́nà, fi fọ́ìlì ìlọ́po méjì wé e pinpin, kí o sì dá a padà sínú oven. Omi kò ní rí ibi gbẹ sí mọ́, ìdádúró náà á sì parí kíákíá. Èèpo rẹ̀ máa rọ̀ díẹ̀ nínú fọ́ìlì, ṣùgbọ́n bí o bá tú u sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn, yóò tún gbẹ padà. Fúnra mi, mo máa ń wé e ní 72°C tàbí níbi tó bá súnmọ́ ọn, lẹ́yìn tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n tó bí mo ṣe fẹ́. Tí o bá fẹ́ kó yá, o lè gbé oven sí 135°C láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. 220°C ni kí o má dán wò mọ́.

Ìbéèrè: N kò ní oven, ṣùgbọ́n mo ní ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ náà? Ṣé mo sì lè ju ẹ̀wà gbígbẹ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran kí gbogbo rẹ̀ jinná pọ̀?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ó sì máa ń dùn, ṣùgbọ́n apá kejì ìbéèrè yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn nítorí ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín sínú ìkòkò yẹn ní tútù, láé. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fa èébì àti inú rírun líle, ooru ìkòkò náà kì í sì í sábà pọ̀ tó láti pa á. Kí ẹ rẹ ẹ̀wà náà sómi fún wákàtí 5 ó kéré tán, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ fi omi mìíràn sè é lórí iná gidi kí ó hó yaya fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé e wọ inú ìkòkò oníná.

Ní ti ẹran, ẹ fi í sórí iná kékeré ìkòkò náà fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Omi díẹ̀ péré ni kí ẹ bù sí i, bí ìdajì ife, nítorí ẹran náà fúnra rẹ̀ yóò sun omi jáde, kò sì sí ibi tí omi náà lè gbà jáde lábẹ́ ìdérí. Ẹ má máa ṣí i wò. Ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá oúnjẹ padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tó ṣì dì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú, torí yóò pẹ́ jù láàárín 5°C sí 60°C, àyè ooru tí kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Inú fìríìjì ni kí ẹ jẹ́ kí ó ti yọ́, èyí tí yóò gbà tó ọjọ́ kan gbáko fún èjìká kílò méjì àbọ̀.

Ohun tí ìkòkò oníná kò lè fún yín ni èèpo pípọ́n, ó sì ń dùn mí fún ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá rí oven tàbí grill aládùúgbò yá, ẹ ya ẹran náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù, ẹ wọ́n omi rẹ̀ lé e lórí, kí ẹ sì fi sábẹ́ iná líle fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá títí etí rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò sì máa ta sáṣá. Bí kò bá sí, páànù ìdíńǹkan tó gbóná gan-an lórí sítóòfù máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè: Èédú ni mo fi sè é níta, mo sì rí i pé ẹran náà pọ́n yí ká lábẹ́ èèpo. Ọkọ mi ní kò jinná, ó sì kọ̀ láti jẹ ẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọ̀ pupa yẹn jẹ́ àmì èéfín. Afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú èéfín igi àti èédú ni ó máa ń wọnú ojú ẹran, tí ó sì ń di àwọ̀ rẹ̀ mú kí ó má baà ṣí bí ẹran ṣe ń jinná. Bí òṣùwọ̀n bá ti fi 90°C hàn láàárín rẹ̀, ó ti jinná kọjá ààlà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti kìlọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé èédú tó ń jó wọ inú ilé, ìbáà jẹ́ ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn wà nínú rẹ̀ tó lè pa gbogbo ilé lójú oorun.

Ìbéèrè: Kábéèjì gígé mi máa ń di omi lórí tábìlì, ẹ̀wà mi sì máa ń le nínú ọbẹ̀ tòmátì bó ti wù kó pẹ́ lórí iná tó. Ọbẹ̀ wo ló sì yẹ ẹran náà?

Ìdáhùn: Ju ìdá 90 nínú 100 kábéèjì lọ ló jẹ́ omi, iyọ̀ inú ohun tí ẹ fi pò ó ló sì ń fa omi náà jáde. Ẹ fà á jáde fúnra yín kí ó tó dé orí tábìlì. Bí ẹ bá ti gé kábéèjì wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣíbí tíì méjì iyọ̀ ra kílò kan rẹ̀, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ó rí omi tó máa ro sínú abọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ fún un gbẹ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tó fi kárọ́ọ̀tì, máyonéèsì àti fínígà díẹ̀ sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó tún bu iyọ̀.

Ní ti ẹ̀wà, tòmátì ni ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀, òun àti fínígà. Ohun kíkan kì í jẹ́ kí èèpo àti ara ẹ̀wà rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán se ẹ̀wà funfun tí ẹ ti rẹ sómi mọ́jú, títí tí ẹ ó fi lè fi ahọ́n tẹ ẹyọ kan rẹ́ mọ́ òkè ẹnu, lẹ́yìn náà ni kí tòmátì, ṣúgà tó pọ́n, mọ́sítáàdì àti àlùbọ́sà tó wọ ibẹ̀. Ó wá kù kí gbogbo rẹ̀ wà nínú oven lábẹ́ ẹran fún wákàtí méjì tó kẹ́yìn. Bí ọ̀rá ẹran bá ń ro sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ro.

Ọbẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Ní Amẹ́ríkà, ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ North Carolina kì í fi tòmátì sí tiwọn, fínígà àti ata ni. Ìpínlẹ̀ South Carolina fẹ́ràn mọ́sítáàdì. Ti ìlú Kansas City ki, ó dùn, tòmátì sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bi èmi, ti fínígà ni mo máa yàn fún èjìká, nítorí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ohun kíkan ló sì ń là á. Ife kan fínígà èso ápù, ṣíbí ìjẹun kan ṣúgà, ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan ata gígún: ẹ gbé e kaná títí ṣúgà yóò fi yọ́, ó parí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sórí ẹran tí ẹ ti ya, kí ẹ máa tọ́ ọ wò.

Ìbéèrè: Àlejò mẹ́jọ ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní aago méje alẹ́. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí oúnjẹ gbogbo á fi gbóná lẹ́ẹ̀kan náà? Oven kan ṣoṣo ni a ní, ẹ̀rù ìṣẹ́kù sì tún ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ ka aago padà sẹ́yìn. Èjìká kílò méjì àbọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdámẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lórí iná, tí a sì tún yọ egungun rẹ̀, yóò tó ènìyàn mẹ́jọ jẹ yó. Ẹ gbé e sínú oven ní aago méje àárọ̀, kí ó lè ṣeé ṣe fún un láti jáde ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bẹ̀rù bí ó bá tètè dé. Bí ẹ bá fi fọ́ìlì wé e, tí ẹ fi aṣọ ìnura nípọn yí i, tí ẹ sì tì í mọ́ inú kúlà tí kò ní yìnyín, yóò gbóná níbẹ̀ fún wákàtí méjì láìsọ̀ sísàlẹ̀ 60°C, bẹ́ẹ̀ ni omi ara rẹ̀ yóò tún padà wọnú rẹ̀. Ìsinmi yìí ló ń bá yín yanjú ọ̀rọ̀ oven kan ṣoṣo: ìgbà tí ẹran bá wà nínú kúlà ni kí ẹ gbé oven sókè sí 200°C, kí búrẹ́dì àgbàdo wọlé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láàárọ̀ ni kí ẹ ti gé kábéèjì. Ìgbà tí àwọn àlejò bá ti jókòó tán ni kí ẹ tó ya ẹran, nítorí pé ẹran tí a ti ya máa ń tutù, ó sì máa ń gbẹ kíákíá. Ẹ rọra da omi tó kù sínú fọ́ìlì padà lé e lórí. Ẹ má dà á nù, gbogbo adùn ọjọ́ náà ló kó jọ síbẹ̀.

Ní ti ìṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kó wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, ẹ bu omi rẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì, níbi tí yóò wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nínú fìrísà, ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí adùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ bò ó, ẹ fi iná kékeré gbé e gbóná dé 74°C, kí ẹ sì tún wọ́n ọbẹ̀ fínígà tuntun lé e lórí.